Oko Ẹnu Wa

"Ìyá Kòkòrò ti dé o! Ẹ bá wa ṣí fèrèsé!"

Bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe ń kí i láàárọ̀ nìyẹn. Àwọn tó jókòó níwájú á fi ọwọ́ di imú, àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fi ìwé fẹ́ ara wọn, aláwàdà kan tiẹ̀ máa ń ṣubú sórí tábìlì bí ẹni tó dákú. Ọmọbìnrin náà á rọra lọ sí àyè rẹ̀, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń rùn.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é nílé, torí pé láti kékeré ló ti ń ka ìwé fún bàbá àti ìyá rẹ̀, ìbáà ṣe ìwé tó ti ilé ìwé wá, ìbáà ṣe ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn ibà. Ohun tó ń mú kí ọwọ́ rẹ̀ rùn kò ju kòkòrò ìrẹsì lọ. Kòkòrò yìí máa ń bà lé ṣírí ìrẹsì nígbà tí inú ọmọ ìrẹsì ṣì jẹ́ omi funfun bíi wàrà. Á ki ẹnu bọ ọ́, á fa omi náà mu, ohun tí àgbẹ̀ yóò sì bá nígbà ìkórè á di èèpo lásán. Bí ọwọ́ bá wá kan án pẹ́nrẹ́n, òórùn tó máa tú síni lára, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ títí, ẹ ò ní rí i wẹ̀ kúrò.

Kí oòrùn tó ta ni Akọ̀wé ti máa ń gbé abọ́ omi ọṣẹ lọ sí oko. Á tẹ ṣírí ìrẹsì síbi abọ́, á gbọ̀n ọ́n, kòkòrò á já sínú omi. Á tún mú òmíràn. Bí ó bá ti ilé ìwé dé ní ìrọ̀lẹ́, á tún lọ ṣe é. Iṣẹ́ tí kò ní ìyìn, tí kò ní òpin.

Ẹ óò bi mí pé ṣé wọn kò ní oògùn kòkòrò nílé ni. Wọ́n ní, ó tún ṣẹ́ kù. Ìgò rẹ̀ ló kún yàrá ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n oko méjì ni bàbá Akọ̀wé ń dá. Oko ńlá tó lọ salalu títí dé etí odò, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní oko ọjà. Èkejì kò ju àgbàlá ilé ẹnìkan lọ, ẹ̀yìn ilé wọn gan-an ló wà, bèbè amọ̀ kan tí kò ga dé orúnkún ló sì pààlà láàárín méjèèjì. Oko ẹnu wa ni wọ́n ń pe èyí. Oko ọjà ń mu oògùn bí ọ̀mùtí ṣe ń mu ọtí. Oko ẹnu wa kì í kan oògùn rárá. Gbogbo àgbẹ̀ ìrẹsì tó wà ládùúgbò náà ló ní oko ẹnu tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún àlejò. Wọ́n kúkú máa ń sọ pé bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́.

Ní ọjọ́ kan, bàbá ra oògùn tuntun dé, ó sì pe ọmọ rẹ̀.

"Akọ̀wé mi, wá bá mi wo ohun tí àwọn èèyàn yìí kọ sára ìgò."

Akọ̀wé gba ìgò, ó kà á. "Bàbá, wọ́n ní ìdérí kan péré ni kí ẹ bu sínú omi pọ́ǹpù kan. Wọ́n ní kí ẹ bo imú àti ẹnu. Wọ́n ní kí aboyún àti ọmọdé má sún mọ́ ọn. Wọ́n tún ní tí ẹ bá ti fọ́n ọn, ẹ ò gbọdọ̀ kórè títí oṣù kan á fi kọjá."

"Oṣù kan kẹ̀?" Bàbá pòṣé. "Ta ni kòkòrò máa dúró dè fún oṣù kan? Oníbàárà wa fẹ́ ìrẹsì tó mọ́, tí kò ní àmì dúdú kankan. Tí mi ò bá fọ́n ọn títí di ìgbà tí a máa ki dòjé bọ ọ́, kò ní rà á."

"Àwọn tó máa jẹ ẹ́ wá ńkọ́?"

Bàbá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ pa á lórí. "Ọmọ yìí, ìwé ti pọ̀ jù lágbárí rẹ. Ṣé ẹnu wa ló ń lọ ni?"

Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Àwàdà ilé wọn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹ̀rín yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò àṣejáde wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé fẹ́ di nọ́ọ̀sì, ìṣirò ló sì ń dà á láàmú. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ní kíláàsì, ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín torí pé eyín rẹ̀ kì í kúrò níta, ló mú ìròyìn wá bá a.

"Olùkọ́ ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ nílé rẹ̀ o. Gbogbo wa là ń lọ. Ìwọ nìkan lo ń bá kòkòrò ṣeré."

"Bí mo bá wá sí lẹ́sìn, ta ni yóò gbọn ìrẹsì?"

"Gbọn kí ni? Ilé yín tí ìgò oògùn kún dẹ́múdẹ́mú! Fọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o sinmi. Ṣé ìrẹsì lẹ́nu tó máa fi rò ó fún bàbá rẹ ni?"

"Oko ẹnu wa kì í kan oògùn."

"Ó dáa náà." Ẹlẹ́rìn-ín fa imú. "Máa rùn lọ. Nígbà tí wọ́n bá pín ìwé ìdánwò, kí o kọ orúkọ kòkòrò sí i."

Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó dun Akọ̀wé wọ egungun. Kò sí ohun tó lè mú ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe ohun tí kò tọ́ kíákíá bí ìtìjú. Ebi kò tó o.

Ní ọjọ́ Sátidé, bàbá àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ọkọ. Oyún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti ń wọ oṣù kẹjọ, àkọ́kọ́ rẹ̀ sì ni. Bí wọ́n ṣe kúrò nílé ni Akọ̀wé wọ yàrá ẹ̀yìn, ó gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn bó ṣe ń rí bàbá rẹ̀ tó ń ṣe é. Ṣíṣí ìgò náà rọrùn. Ìdérí kan ni wọ́n kọ sí i. Ó bu ọ̀kan. Ó rántí "Ìyá Kòkòrò", ó bu èkejì. Ó rántí ẹni tó ń dákú sórí tábìlì, ó bu ẹ̀kẹta. Ìrẹsì náà ti ń pọ́n, ìkórè kò jìnnà mọ́, ó mọ̀. Ó ka ìgò náà fúnra rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọ̀rọ̀ tu ara rẹ̀ nínú bó ti ń fọ́n ọn lọ: òjò á fọ̀ ọ́, bí òjò kò bá fọ̀ ọ́, a máa ṣan ìrẹsì náà, bí omi ṣíṣàn kò bá kó o lọ, iná á sè é kú. Nígbà tó parí, ó fọ pọ́ǹpù, ó dá ìgò padà sí ipò rẹ̀, ó wẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó gbọ́ òórùn ọwọ́ ara rẹ̀, ọṣẹ nìkan ló ń rùn.

Bí oòrùn ti ń wọ̀, ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, bàbá tẹ̀ lé e pẹ̀lú àpò aṣọ méjì. Lẹ́yìn wọn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ, ikùn síwájú, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Akọ̀wé ilé wa! O ò wá pàdé mi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàbọ̀ o! Ṣé kò sí láburú o?"

"Kí ni ì bá wà? Ẹsẹ̀ mi ló wú díẹ̀, màmá wa ní àfi kí n wá bímọ lọ́dọ̀ àwọn. Ọkọ mi náà ní kò burú." Ó fà á mọ́ra, ikùn náà sì kan Akọ̀wé lára. Ọmọ inú rẹ̀ ta á nípàá. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Akọ̀wé jí, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí ẹní. Ó jáde sí ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí bèbè amọ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń já ṣírí ìrẹsì láti oko ẹnu wa, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á, ó ń fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, ó sì ń da ọmọ ìrẹsì náà sẹ́nu ní tútù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń jẹ yẹn?"

"Àbúrò mi, dákẹ́, má jẹ́ kí màmá gbọ́. Láti ìgbà tí mo ti lóyún, ìrẹsì tútù ni ẹnu mi ń fẹ́. Nílé ọkọ mi, mo ń bẹ̀rù èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Èmi ọmọ àgbẹ̀, ṣé mi ò mọ ohun tó wà lára rẹ̀ ni? Mo ní n fara dà á títí mo fi máa dé oko ẹnu wa." Ó na ọwọ́ sí i. "Gbà, jẹ díẹ̀."

Akọ̀wé fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi iná kàn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló yẹ kó sọ. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀.

"Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó máa ń jẹ́ kí inú run èèyàn."

"Inú ta ni ìrẹsì bàbá mi máa run?" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó tún ju díẹ̀ sẹ́nu. "O ti di nọ́ọ̀sì kí o tó ṣe ìdánwò."

Akọ̀wé wọlé. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ òun á sọ òtítọ́. Ìrọ̀lẹ́ dé, bàbá wà nílé, ó bẹ̀rù ẹgba. Ó ní òun á sọ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ojú mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde, ara rẹ̀ le, ó ń kọrin nídìí iná. Ó ní, à á ti ṣe é, bóyá òjò alẹ́ àná ti fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Bẹ́ẹ̀, òjò kankan kò rọ̀ lálẹ́ àná. Bí èèyàn ṣe ń parọ́ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ẹ máa wò ó, irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kì í wá olùrà jìnnà. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń jókòó sórí bèbè náà, lójoojúmọ́ ni Akọ̀wé ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwé, ó ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé orí ń fọ́ òun. Ó ní oúnjẹ kò dúró nínú òun. Ìyá ní bí oyún ṣe máa ń ṣe ni.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n kórè oko ọjà. Bàbá kó ìdajì fún oníbàárà, ìdajì yòókù wà nínú àpò ní yàrá ìtajà. Akọ̀wé náà kò gbẹ́yìn: olùkọ́ ìṣirò, tí òun náà ti ń lọ gba lẹ́sìn lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, dán wọn wò, ó gbégbá orókè, olùkọ́ sì ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Kò sí ẹni tó pè é ní Ìyá Kòkòrò lọ́jọ́ náà. Ó ń sáré lọ sílé pẹ̀lú ìwé ìdánwò náà lọ́wọ́, ó fẹ́ fi han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ná kó tó fi han ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló bá a, lẹ́bàá bèbè. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ sí àyà, òógùn bò ó bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí, ẹran apá rẹ̀ ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, èémí rẹ̀ ń ké ní ọ̀nà ọ̀fun. Ìrẹsì díẹ̀ ṣì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Màmá! Màmá o! Ẹ gbà mí o!"

Bí wọ́n ṣe gbé e dé ilé ìwòsàn, Akọ̀wé kò rántí dáadáa. Ohun tó rántí ni dókítà tó wá pàdé wọn, obìnrin kúkurú kan tó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Ó fi iná wo ojú Ẹ̀gbọ́n. Ọmọlójú rẹ̀ ti sún kì, ó kù bí orí abẹ́rẹ́.

"Ìyá, ṣé ó kan oògùn kòkòrò? Ṣé ó jẹ nǹkan kan tí wọ́n fọ́n ọn sí?"

"Rárá o, dókítà!" Ìyá ń wa ẹkún mu. "A kì í jẹ́ kó dé oko ọjà. Ìrẹsì oko ẹnu wa ló ń jẹ, oko yẹn ò kan oògùn rí. Ẹ̀mí mi ni mo fi búra, ò kan oògùn rí!"

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Dókítà tún wo ojú aláìsàn. "Ohun tí mò ń rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kò kàn án, ó lè jẹ́ gìrì aboyún. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dojú kọ ìyẹn."

Akọ̀wé dúró ti ògiri. Ó gbọ́ ìbéèrè náà. Ó gbọ́ ìbúra ìyá rẹ̀. Ó la ẹnu, ẹnu náà gbẹ. Ó wo bàbá rẹ̀ tó fọwọ́ lérí, ó sì tún pa ẹnu dé. Àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré wọlé, wọ́n ń sáré jáde. Wọ́n gún Ẹ̀gbọ́n lábẹ́rẹ́, kò yí padà. Oòrùn tó wà lójú fèrèsé nígbà tí wọ́n dé ti sún lọ sí ògiri kejì, Akọ̀wé kò tíì sọ̀rọ̀.

Ìyá ló fà á lápá. "Akọ̀wé, wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀. Sọ fún un kó má sùn. Ohùn rẹ ló fẹ́ràn jù."

Ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń wò ó, ètè rẹ̀ ń mì, kò sí ohùn. Ó fi ọwọ́ kan di ikùn náà mú gírígírí.

"Mo fọ́n ọn."

"O ní kí ni?" ni ìyá bi í.

"Oko ẹnu wa. Ọjọ́ tí ẹ lọ mú Ẹ̀gbọ́n mi wá. Èmi ni mo fọ́n oògùn sí i. Ìdérí mẹ́ta." Ó wá figbe ta. "Dókítà! Ẹ jọ̀ọ́! Oògùn ni! Oògùn kòkòrò ni!"

Dókítà sáré wọlé. Akọ̀wé ka orúkọ oògùn náà fún un bí ó ṣe wà lára ìgò, lẹ́tà dé lẹ́tà. Ọmọ tó mọ̀wé kà ni, kò sí ohun tó gbàgbé níbẹ̀. Dókítà kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó kígbe pe nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ mìíràn dé, wọ́n ti àwọn ará ilé jáde, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ilẹ̀kùn tún máa ṣí, òógùn ti bo dókítà náà fúnra rẹ̀. Ó jókòó ti ìyá lórí bẹ́ǹṣì.

"Ọmọ yín yóò yè. Ṣùgbọ́n ti ọmọ inú rẹ̀, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹ forí jìn mí. Ọkùnrin ni."

Ìyá kò ké. Ó kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu itan, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Bàbá ló sunkún. Akọ̀wé kò rí i kó sunkún rí.

"Ká ní mo gbọ́ ọ nígbà tí mo béèrè ni," dókítà sọ, kò wo ẹnìkan pàtó, "bóyá ni à bá fi pàdánù ọmọ náà." Ó fi ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. "Èyí tiẹ̀ ni ojú rí, torí ó pọ̀, ó sì jẹ ẹ́ tútù láìṣàn án. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tí ojú kì í rí. Ẹni tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ìrẹsì tí a rà lọ́jà kò ní ṣubú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oògùn náà á máa wọ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, á máa wọ inú iṣan rẹ̀, á máa wọ ọmọ inú aboyún. Wọ́n á gbé e wá síbí lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kò ní sí ẹni tó máa mọ ohun tó ṣe é."

Bàbá gbọ́. Akọ̀wé rí i pé ó gbọ́, torí ó gbé orí sókè, ó sì yára gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, ohun tó ń bẹ̀rù dé. Bàbá já okùn tí wọ́n fi ń di àpò, ó ká a lọ́wọ́.

"Kúnlẹ̀ níbẹ̀! Ìwọ tí o mọ̀wé! O ka ìgò náà fún mi fúnra rẹ! O mọ̀ pé ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, o mọ̀ pé ẹnu ni ìrẹsì náà ń lọ, o fọ́n ọn!"

Akọ̀wé kúnlẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ìyá ló sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Bàbá wọn, ẹ nà án, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀sẹ̀ kan náà tí ó fọ́n oko kékeré lẹ fọ́n oko ńlá. Èyí tí oníbàárà ti kó lọ, ta ló ń jẹ ẹ́ báyìí? Ọmọ ta ló ń dà á sẹ́nu?"

Okùn náà wà lókè fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sílẹ̀. Bàbá gba ẹ̀gbẹ́ ìyá kọjá jáde, kò sì wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Wọ́n dá Ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Ó padà wá bá àpò aṣọ méjì tó kó wá láti ilé ọkọ, aṣọ ọmọ ló kún ọ̀kan nínú wọn. Ó rù, kò kọrin mọ́. Akọ̀wé ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń gbé omi ìwẹ̀ fún un, kò lè wo ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́. Ǹ bá má ti fọ́n ọn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ara sókè lórí ẹní.

"Oògùn tí o fọ́n kọ́ ló ń dùn mí jù, àbúrò mi. Ọmọdé ló ń ṣe ọ́. O rí mi tí mò ń jẹ ẹ́. Lójoojúmọ́ lo ń rí mi."

Ó yí ojú sí ògiri. Ẹgba ì bá sàn fún Akọ̀wé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí nígbà tí oníbàárà àti àwọn alágbàárù rẹ̀ tún gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé, ó wá kó àpò tó kù. Ọkùnrin sísanra tí ẹnu rẹ̀ dùn ni. Ó kí wọn kú ìrọ́jú, ó káàánú, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò kan, ó bu ìrẹsì sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ wo bó ṣe mọ́ láúláú! Kòkòrò ò fẹnu kàn án. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gbé e."

Bàbá jókòó sórí àpótí, kò dá àwọn alágbàárù dúró. Wọ́n ti gbé àpò kìíní sókè nígbà tí Akọ̀wé jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ tún gbẹ, bí ó ti gbẹ lọ́jọ́ ti ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò dúró kí oòrùn sún láti ògiri kan sí òmíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má kó o. Oògùn wà lára rẹ̀. Bàbá mi fọ́n ọn kété ká tó kórè. Èmi ni mo ka ìgò rẹ̀, wọ́n ní ká má ṣe é. Irú rẹ̀ ló pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."

Gbogbo ojú yí sí i. Ìyá fọwọ́ bo ẹnu. Oníbàárà wò ó, ó wo bàbá rẹ̀, ó wá bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n pa àwàdà fún.

"Ọmọ dáadáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí ló kàn wá níbẹ̀? Ṣé ẹnu wa ló ń lọ ni?"

Ojú bàbá yí padà. Ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni, ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́ ọ. Ó dìde lórí àpótí tó jókòó sí, ó rìn lọ síbi ọkọ̀, ó sì gba àpò náà lórí alágbàárù fúnra rẹ̀.

"Ẹ gbé e sílẹ̀."

"Àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọdé lẹ fẹ́ tẹ̀ lé?"

"Ẹ gbé e sílẹ̀, mo ní. Kò ní lọ sẹ́nu ẹnikẹ́ni."

Oníbàárà bínú, ó sọ̀rọ̀ burúkú, ó ní òun kò ní ẹsẹ̀ tó máa gbé òun dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Ó yí ọkọ̀ padà, ó sì lọ. Wọ́n rí i tó yà sílé àgbẹ̀ kejì, ẹ má tan ara yín jẹ, àpò kún ọkọ̀ rẹ̀ kó tó kúrò ládùúgbò. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ Akọ̀wé, kò sì sí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò jìnnà sí odò, wọ́n kó gbogbo àpò tó kù sínú rẹ̀, ìrẹsì oko ẹnu wa náà bá a lọ. Ọdún yẹn le koko fún ilé náà.

Akọ̀wé yege nínú ìdánwò rẹ̀. Kò sí ẹni tó jó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti padà sílé ọkọ, ó ránṣẹ́ pé kú oríire, ó mọ síbẹ̀.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, bàbá gbé ọkọ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wó bèbè amọ̀ tó pààlà oko méjèèjì. Ìyá jáde wá bá a, Akọ̀wé náà jáde. Wọ́n wó o tán, wọ́n tẹ́ amọ̀ rẹ̀ pẹrẹsẹ, oko náà sì di ọ̀kan láti ẹ̀yìn ilé títí dé etí odò. Kò sí oko ọjà mọ́, kò sí oko ẹnu wa. Ìgbà tí ìrẹsì yọ ṣírí, gbogbo ilé gbé abọ́ omi ọṣẹ dání láàárọ̀, bàbá ló sì ń rùn jù. Kòkòrò jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n kórè kò tó ti tẹ́lẹ̀, oníbàárà púpọ̀ wò ó, wọ́n yínmú.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ohun tí ẹ kò lè fi sẹ́nu ọmọ ìyá yín, ẹ má fi sẹ́nu ọmọ ẹlòmíràn, torí gbogbo ẹnu ni ẹnu wa. Bí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè la ẹnu. Ìtìjú á kọjá, ọgbẹ́ ẹgba á jinná. Àwọn tó sọ pé bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́, wọn kò tíì jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yẹn. Akọ̀wé ti jókòó níbẹ̀. Ó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ọ̀pọ̀ aboyún ló sì ti gba ọwọ́ rẹ̀ bímọ láyọ̀. Àwọn aṣọ ọmọ tó wà nínú àpò ọjọ́ náà ṣì wà nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sí ẹni tó tíì wọ̀ wọ́n.